Ìfẹ́lódùn Méjì, Fọ́ọ̀mù Kan

Kí kóòdù fa orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ yọ látinú dátàbéèsì (ibi tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ pa mọ́ sí), kó tò wọ́n sínú àpótí fọ́ọ̀mù, ìyẹn ò le. Gbogbo wọn ò ju 774 lọ: ìjọba ìbílẹ̀ 768, àti area council 6 ti Abuja. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lè ṣe é. Ohun tó ń bí ni nínú ni èrò pé orúkọ tí ojú ń rí ló gbọ́dọ̀ lọ sí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń gba ohun tí èèyàn kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Ẹ wo fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan ní Kubwa. Níbi àdírẹ́sì, ẹni tó bá mú FCT á rí Abaji, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti AMAC (Abuja Municipal). Á mú Bwari, ó parí. Níbi ìpínlẹ̀ tó ti wá ni wàhálà wà. Ìfẹ́lódùn wà ní Kwara, ó wà ní Ọ̀ṣun. Ìrẹ́pọ̀dùn náà bẹ́ẹ̀. Súrùlérè wà l'Ékòó àti Ọ̀yọ́. Nasarawa wà ní Kano, ó tún wà nínú ìpínlẹ̀ Nasarawa fúnra rẹ̀. Kí èèyàn pe "Táíwò" nípàdé ẹgbẹ́ yẹn, kó wo iye orí tó máa yíjú padà.

Ìdí nìyí tí kóòdù gidi fi ń kọ ọ́ báyìí: <option value="412">Ìfẹ́lódùn</option>. 412 tó wà nínú value, nọ́ńbà tí dátàbéèsì fún Ìfẹ́lódùn ti Kwara nìkan, ló ń lọ sí sáfà. Ti ojú lásán ni orúkọ.

Wọ́n á ní ìpínlẹ̀ ṣáà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wà o. Ṣùgbọ́n ká ní ará Òṣogbo kan ṣèèṣì tẹ Kwara, ó tẹ Ìfẹ́lódùn, ó wá yí ìpínlẹ̀ nìkan padà sí Ọ̀ṣun. Bó bá jẹ́ orúkọ ni value, tí kóòdù ò sì pa ohun tó kọ́kọ́ mú rẹ́, Ìfẹ́lódùn á jókòó síbẹ̀ pẹ̀sẹ̀, torí Ọ̀ṣun náà ní Ìfẹ́lódùn. Ta ló máa fura? Bó bá jẹ́ 412, kò sí 412 lábẹ́ Ọ̀ṣun. Kóòdù á rí i, á ní kó tún un mú. Sáfà náà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ẹni tó bá mọ F12, bọ́tìnnì tó ń ṣí kóòdù ojú ìwé sílẹ̀, lè fi nọ́ńbà tó wù ú rọ́pò 412.

Àwọn tó ń fi orúkọ ṣe value ní ó rọrùn láti kà. Òótọ́ ni, títí orúkọ fi yí padà. Egbado North ló wà nínú ìwé òfin ọdún 1999. Yewa North ni wọ́n ń pè é lónìí. Níbi tí nọ́ńbà bá wà, ìlà kan ṣoṣo nínú dátàbéèsì ni wọ́n máa tún kọ, gbogbo tábìlì tí kóòdù bá yà lẹ́yìn náà á sì gbé Yewa jáde.