Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì já bọ́: ohun tí àwọn ará Kubwa bi mí nípa aṣọ tó ń gbé ènìyàn fò

Ìpàdé oṣooṣù àwa ọmọ Yorùbá ní Kubwa kì í pẹ́ tú tí akápò bá ti gba owó ẹgbẹ́ tán. Ti oṣù tó kọjá kò rí bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sì fà á. Mo fi fídíò ìṣẹ́jú méjì kan han alága lórí fóònù mi: èmi nìyẹn, akoto lórí, tí mò ń fẹsẹ̀ gbá òfurufú lókè Kwahu ní Gánà nígbà ọdún Àjíǹde, aṣọ gbọọrọ kan lókè orí mi, òyìnbó kan lẹ́yìn mi. Fóònù yí yàrá ká. Kó tó padà sọ́wọ́ mi, ẹnì kan ti bi mí bóyá egbé ni mo lò. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní físíìsì, mi ò tíì rí kíláàsì tó béèrè ọ̀rọ̀ tó bí ìpàdé ọjọ́ yẹn. Mo kọ àwọn tí mo rántí síbí, pẹ̀lú èyí tí mi ò ráyè dáhùn dáadáa nítorí pé oúnjẹ ti dé.

Tíṣà, aṣọ lásán ni mo rí yìí. Kí ló gbé yín dúró?

Télọ̀ wa ló béèrè, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ojú rírán aṣọ náà. Náílọ́ọ̀nù ni, wọ́n hun ún lọ́nà tó fi jẹ́ pé tó bá tilẹ̀ lu, kò ní máa ya lọ. Ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì ni, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ dá ògiri sáàárín wọn, tí inú rẹ̀ fi pín sí yàrá yàrá, bí ìgbà tí ẹ bá rán ọ̀pọ̀ àpò ìrọ̀rí tóóró mọ́ra ní ẹ̀gbẹ́. Wọ́n rán ẹ̀yìn pa, wọ́n fi iwájú sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bó bá ti ń lọ síwájú, afẹ́fẹ́ á rọ́ wọ inú rẹ̀, kò ní ríbi jáde, aṣọ á sì le bíi táyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Nígbà tó bá le tán, ìrísí apá ẹyẹ ló máa ń ní. Apá yìí á máa ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀ bó ṣe ń lọ, afẹ́fẹ́ á sì máa tì í sókè. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló so ó mọ́ ìjókòó tí ènìyàn wà. Tí wọ́n bá ká gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú ìjókòó rẹ̀, àpò ẹ̀yìn kan ni, nǹkan bí kílò 15 sí 20, kò tó ìdajì àpò ìrẹsì. Paragliding ni wọ́n ń pe eré náà.

Ó ní tóun bá rí ayẹ̀wò kan, òun á rán an. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó máa rán agbádá lọ.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dà?

Kò ní. Mẹkáníìkì ló béèrè, torí náà mo fi ọkọ̀ dá a lóhùn: ẹ wo awakọ̀ tó pa ẹ́ńjìnnì lórí òkè, tó fi gíà sí fírì, tó ń yí bọ̀ nísàlẹ̀. Ìwúwo ọkọ̀ ló ń wà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ yìí. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, bí mítà kan ló ń sọ̀kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò sì ti lọ síwájú bíi mítà mẹ́sàn-án kó tó sọ mítà kan yẹn nù. Àpáta Zuma ga ju ilẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ ní nǹkan bí 300 mítà. Tẹ́ ẹ bá gbéra láti irú gíga bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún péré lẹ ní, ẹ kò sì ní lọ tó kìlómítà mẹ́ta tẹ́ ẹ fi máa balẹ̀.

Ó dáa. Àmọ́ nínú fídíò yìí, ẹ ga ju òkè tẹ́ ẹ ti gbéra lọ. Ta ló tì yín sókè?

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi fara balẹ̀ gbọ́.

Ẹ ti rí àwọn ọmọdé tó ń fi àtẹ̀gùn oníná ṣeré nínú àwọn ilé ìtajà ńlá Abuja. Àtẹ̀gùn ń gòkè, ọmọ ń fẹsẹ̀ rìn sísàlẹ̀ lórí rẹ̀, síbẹ̀ òkè ló ń lọ, nítorí pé àtẹ̀gùn yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Aṣọ yẹn kò ṣíwọ́ sísọ̀kalẹ̀ rí. Afẹ́fẹ́ tí aṣọ náà wà nínú rẹ̀ ló ń gòkè. Tí afẹ́fẹ́ bá ń gòkè ní mítà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí aṣọ ń sọ mítà kan nù nínú rẹ̀, èrè mítà méjì ló kù fún ẹni tó jókòó. Ní ìṣẹ́jú kan, ó ti fi 120 mítà gòkè.

Ọ̀nà méjì ni afẹ́fẹ́ fi ń gòkè bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ kò le: bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá kọlu ara òkè, kò ríbi gbà mọ́ àfi kó gun òkè náà. Ẹni tó bá ń lọ tó ń bọ̀ níwájú òkè nínú atẹ́gùn yìí lè wà lókè fún wákàtí púpọ̀, bí atẹ́gùn bá ṣáà ń fẹ́.

Ìkejì ni tiwa gan-an níhìn-ín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó bá di ààbọ̀ ọjọ́, ẹ lọ dúró létí pápá gbígbẹ kan lọ́nà Gwagwalada. Ọ̀dà títì ti gbóná, oko tí wọ́n dáná sun ti dúdú tó sì ń jó ẹsẹ̀, àpáta ti gbóná bí agbada tí wọ́n fi ń dín àkàrà. Igbó tútù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ gbígbóná yìí á fúyẹ́, á wá já kúrò nílẹ̀ bí ìhó omi ṣe ń já kúrò nídìí ìkòkò, á gòkè, omíràn á rọ́ wá gba ipò rẹ̀. Nígbà mìíràn ìrọ́wá yẹn á máa yí po, á kó eruku, ewé àti ọ̀rá píọ́-wọ́tà, á gbé gbogbo rẹ̀ nàró bí òpó.

Gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Ààjà ni. Àwọn ìyá wa máa ń ní ká sá wọlé, pé ààjà ń gbé ọmọ lọ sínú igbó lọ kọ́ ọ ní ewé. Àwọn tó ń fi aṣọ fò kì í sún mọ́ èyí tó ń jà nílẹ̀, torí pé ó lè ká aṣọ mọ́ wọn lórí. Ṣùgbọ́n lókè, níbi tí òpó gbígbóná náà ti fẹ̀, tó ti rọ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Ààjà ń gbé ènìyàn lọ lóòótọ́, àwọn ìyá wa kò purọ́ nípa ìyẹn. Owó làwọn ènìyàn ń san báyìí kó lè gbé wọn.

Òpó náà kì í fẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá lọ tààrà á gba inú rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yí po nínú rẹ̀, ìdí yẹn náà sì ni àwòdì fi ń yí po. Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá: ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí ti jókòó wo àwòdì dáadáa.

Ojú ni wọ́n fi ń rí atẹ́gùn yìí ni?

Kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n ń wo àmì: ẹyẹ tó ń yí láìlu apá, eruku, ìkúùkuù funfun kéékèèké bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kóra jọ, nítorí pé orí òpó ni òun, níbi tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ ti tutù. Wọ́n tún ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ké tíń-tíń-tíń bí wọ́n bá ń gòkè, tó sì ń kérora bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀. Èmi fi imú mọ ọ̀kan. A wà lókè bẹ́ẹ̀, mo gbóòórùn èéfín igi ìdáná, bí ẹni pé mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ẹnì kan. Kí n tó ronú nípa rẹ̀, òyìnbó ẹ̀yìn mi ti fa okùn ọwọ́ ọ̀tún, a yí sínú rẹ̀, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Èéfín nísàlẹ̀ kì í dé òkè bí kò bá sí ohun tó gbé e.

Ṣé ẹ bẹ́ sílẹ̀ látorí òkè ni?

Ó tì o. Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí koríko lẹ́yìn wa, a kọjú sí atẹ́gùn, wọ́n fi ìkọ́ irin so mí mọ́ ìjókòó iwájú. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni òyìnbó náà kọ́ mi: máa sáré, má jókòó. Ó fa okùn, aṣọ dìde lẹ́yìn wa bí àgọ́ tí ìjì fẹ́ wú, ó fà wá sẹ́yìn lákọ̀ọ́kọ́, a sáré bí ìgbésẹ̀ mẹ́fà, méje. Ohun tẹ́ ẹ rí nínú fídíò, tí mò ń fẹsẹ̀ gbá òfurufú, tẹ́ ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín, ohun tó fà á nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n dúró, mo sì ń sáré lọ nígbà tí kò sí ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi mọ́.

Ọdún 2005 ni Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ayẹyẹ yìí ní Kwahu lọ́dọọdún nígbà Àjíǹde, àwọn awakọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló sì máa ń wá gbé èrò.

Èyí tó dà bí àdán ńlá ń kọ́, tí ènìyàn dojú bolẹ̀ lábẹ́ rẹ̀?

Hang gliding nìyẹn, ẹ̀gbọ́n paragliding. Ó ní egungun: ọ̀pá alumíníọ̀mù tí wọ́n na aṣọ lé lórí, ẹni tó ń fò á sì máa sún ara rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì láti darí rẹ̀. Ó yá ju, ó sì ń lọ jìnnà ju, ṣùgbọ́n ó wúwo, orí ọkọ̀ ni wọ́n ń dì í sí. Otto Lilienthal ará Jámánì ti ń fi apá tó ṣe fúnra rẹ̀ fò látorí òkè láti 1891, ó fò tó ìgbà ẹgbẹ̀rún méjì kó tó já bọ́ kú ní 1896. Ti aláṣọ lásán kò pẹ́ rárá: 1978 ni àwọn mẹ́ta kan tó ń bẹ́ látinú ọkọ̀ òfurufú ní Mieussy, nílẹ̀ Faransé, rò ó pé àwọn lè fi párásúùtù wọn sáré gbéra lórí òkè, káwọn má san owó ọkọ̀ òfurufú mọ́. Owó ló bí i. Ní 2012, ẹnì kan fi hang glider lọ 764 kìlómítà ní Texas láìbalẹ̀, bẹ́ẹ̀ Abuja sí Èkó lójú òfurufú kò tó 600.

Kì í pa ènìyàn ni?

Ó ń pa ènìyàn, ẹni tó bá ní kì í pa á, ẹ má bá a lọ. Atẹ́gùn tó ń jà lè ká apá kan aṣọ. Lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń ṣí padà fúnra rẹ̀, bí kò bá sì ṣí, párásúùtù mìíràn wà nínú ìjókòó, ṣùgbọ́n ìyẹn ń fẹ́ kí ilẹ̀ ṣì jìnnà. Ẹ̀yìn òkè burú ju iwájú rẹ̀ lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń dojú dé bí omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí òkúta nínú odò.

Èyí tó yẹ kó ba ará Abuja lẹ́rù ni ìkúùkuù òjò. Ní oṣù kejì 2007, Ewa Wisnierska, ọmọ Jámánì, ń ṣe ìgbáradì fún ìdíje àgbáyé ní Ọsirélíà nígbà tí ìkúùkuù ìjì fà á mu. Ó fà á dé 9,946 mítà, èyí tó ga ju òkè Everest lọ. Ó dákú níbẹ̀, yìnyín bò ó, aṣọ rẹ̀ sì ń fò lọ láìsí ẹni tó ń wà á. Ó jí nígbà tó yá, ó sì balẹ̀ láàyè. Ará Ṣáínà kan tí ìjì kan náà gbé kò yè é. Ẹ rántí òjò àkọ́rọ̀ wa ní oṣù kẹta sí kẹrin, bó ṣe ń ṣú dúdú láti ìlà oòrùn, tó ń ká páànù lọ kí ẹ̀kán omi kan tó bọ́. Ọ̀kan náà ni ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ṣé obìnrin lè ṣe é?

Ewa tí mo sọ yẹn, obìnrin ni.

Kí ló dé tí a kò ṣe é lórí Zuma? Tàbí Aso Rock?

Aso Rock, ẹ má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ sókè. Ilé Ààrẹ ló wà nídìí ẹ̀. Zuma ní tirẹ̀ rẹwà lórí owó náírà 100, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ dán, ó sì dúró ṣánṣán, kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ènìyàn lè tẹ́ aṣọ sí kó sì sáré, títì márosẹ̀ Kaduna sì ń retí rẹ nísàlẹ̀. (Ìpínlẹ̀ Niger ni Zuma wà, kì í ṣe Abuja. Àwa la ń gbà á lọ́wọ́ wọn.) Ohun tí eré yìí ń fẹ́ ni òkè tó ní koríko, tó rọra dà, tó kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, ìyẹn gúúsù ìwọ̀ oòrùn nígbà òjò àti àríwá ìlà oòrùn nígbà ọyẹ́, pẹ̀lú pápá gbayawu nísàlẹ̀ tí wáyà iná kò gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá bi mí, òkè Shere lẹ́bàá Jos ni mo máa kọ́kọ́ lọ wò, tàbí àwọn òkè oníkoríko Mambilla ní Taraba.

Àmọ́ òkè nìkan kọ́ ni ìṣòro wa. Ẹni tó bá ń tọ atẹ́gùn gbígbóná lọ kò lè búra ibi tó máa balẹ̀ sí. Nínú igbó àríwá lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kí àlejò kan ṣàdédé já bọ́ látọ̀run pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ké tíń-tíń láyà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nípa rẹ̀ ṣáájú! Kó tó ṣàlàyé físíìsì tán fún ará abúlé tàbí sójà, ilẹ̀ á ti ṣú. Àṣẹ àwọn aláṣẹ òfurufú, ìmọ̀ àwọn agbófinró àti ìyọ̀ǹda baálẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú aṣọ.

Ìyàwó yín mọ̀ kí ẹ tó lọ gun nǹkan yìí?

Fóònù ń yí yàrá ká. Òun ló jókòó ṣìkẹrin sí alága.