Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, músítádì kì í ṣe igi o

Ọ̀rọ̀ músítádì yìí ti sú mi o. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ka Mátíù orí 13 ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnìkan á ṣáà sọ pé igi ńlá bí ìrókò ni, pé ibi téèyàn bá sọ hóró ẹ̀ sí ló ti ń hù.

Ewébẹ̀ ni, ẹbí kan náà ni òun àti kábééjì. Ẹsẹ 32 tó ní ó di igi yẹn kan náà ló kà á mọ́ ewébẹ̀, Máàkù orí 4 ò tiẹ̀ pè é ní igi rárá, ẹ̀ka ńláńlá ló sọ. Lóòótọ́, èyí tí hóró ẹ̀ dúdú lè ga tó mítà 2, kó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyẹ lè bà lé e, àmọ́ kò ní pákó nínú. Kì í ṣe bí obì wa tá a máa dúró dè fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí oṣù 3 sí 4 ló ń lò, á so, á gbẹ, ó parí.

Ibi tó wá ń dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó ń béèrè ojú ọjọ́ tó fẹ́. Òtútù ló fẹ́! Ní Íńdíà, nǹkan bí oṣù October tí òjò ti lọ tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù ni wọ́n ń gbìn ín, Kánádà náà wà lára àwọn tó ń gbìn ín jù láyé, ẹ sì mọ bí ibẹ̀ ṣe tutù tó. Tí ooru bá mú un, ṣe ló máa sáré yọ òdòdó kí ewé ẹ̀ tó gbilẹ̀, tí oòrùn bá tún pa òdòdó yẹn, hóró tó máa so ò ní tó nǹkan. Ẹ wo kábééjì, ṣebí Jos tó wà lórí òkè tó tutù ni wọ́n ti ń kó o wá fún wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ ò ní irú òtútù yẹn, òru wa gan-an ń móoru.

Mi ò sọ pé kò lè hù níbí o. Bóyá téèyàn bá gbìn ín nígbà ọyẹ́, tó ń bomi rin ín dáadáa, á rí ewé ẹ̀ fi sebẹ̀. Hóró ni ọkàn mi ò gbé.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan ta igi mẹ́ta fún àǹtí mi, ó ní igi músítádì ni, ó ti lo ọdún méjì nínú ike. Owó gidi ni wọ́n san. Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ wá bá yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí ẹ̀, tó bá ti lé lọ́dún kan, ẹ má sanwó.