Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìlànà Tí Kì í Jẹ́ Kí A Ṣàdédé Yọ Ìwé Kúrò Lórí Pẹpẹ

Ẹni tó bá lọ kọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé, ì báà jẹ́ ní Yunifásítì Ìlọrin níbí, yóò bá ìlànà kan pàdé: a kì í yọ ìwé kúrò lórí pẹpẹ kìkì nítorí pé inú ẹnì kan kò dùn sí i. Olùfisùn ní láti kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀, ìgbìmọ̀ ní láti ka ìwé náà tán, ìwé náà yóò sì wà ní àyè rẹ̀ títí wọn yóò fi dá ẹjọ́ rẹ̀. Amẹ́ríkà ni ìlànà yìí ti gbilẹ̀, àwọn ìwé ọ̀dọ́langba tó sọ nípa ìfẹ́ láàárín ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin sì wà lára ohun tó dán an wò jù lọ.

Ní 1939 ni Ẹgbẹ́ Àwọn Ilé Ìkàwé Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Àkọsílẹ̀ Ẹ̀tọ́ Ilé Ìkàwé, lẹ́yìn tí ilé ìkàwé ìlú Des Moines ti gbé irú rẹ̀ jáde lọ́dún tó ṣáájú. Ní 1953, Lester Asheim, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà, ṣe àlàyé tí mo kà sí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà: ẹni tó ń yan ìwé a máa wá ìdí tí ìwé fi yẹ kó wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ dínà mọ́ ọn a máa wá ìdí tí yóò fi lé e jáde.

Ìwé ìtàn tí John Donovan tẹ̀ jáde ní 1969 ni a sábà ń kà sí àkọ́kọ́ tí a kọ fún ọ̀dọ́ lórí ìfẹ́ akọ sí akọ tàbí abo sí abo. Ti Nancy Garden, Annie on My Mind, tẹ̀ lé e ní 1982, nípa ọmọbìnrin méjì tó nífẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní 1993, ẹgbẹ́ kan fi ẹ̀dà rẹ̀ ta àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama agbègbè Kansas City lọ́rẹ. Àwọn tí inú bí dáná sun ẹ̀dà kan ní gbangba, àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ní Olathe, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Kansas, sì kó ìwé náà kúrò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí wọn pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 1995, Adájọ́ Thomas Van Bebber pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà, nítorí pé èrò inú ìwé náà ni wọn kò fẹ́, wọn kò sì tẹ̀lé ìlànà tí àwọn fúnra wọn ti là sílẹ̀. Ìlànà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ká wọn lọ́wọ́ kò, ìyẹn sì ni mo ṣe ka ìlànà yẹn sí ohun iyebíye. Ìjà náà kò tán: ní 2023, Ẹgbẹ́ Àwọn Ilé Ìkàwé Amẹ́ríkà ṣírò pé ìwé 4,240 ni àwọn èèyàn fẹ́ kí wọ́n yọ.

Ní ti Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ibòmíràn ni mo rò pé ìdínà náà wà. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ìgbéyàwó akọ sí akọ tàbí abo sí abo, ó sì ka ẹgbẹ́ wọn léèwọ̀, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu kan ìwé ìtàn tàbí ilé ìkàwé. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù nìkan tó láti mú kí alábòójútó fo orúkọ ìwé kan nígbà tó bá ń ṣe àkójọ ohun tí wọn yóò rà. Ìwé tí kò dé orí pẹpẹ kò ní olùfisùn, kò sì ní ìgbìmọ̀ tí yóò kà á. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a kọ ìlànà rírà ìwé náà sílẹ̀, kí ẹni tó bá kọ̀ láti ra ìwé kan sọ ìdí rẹ̀ kó sì buwọ́ lù ú, kí ọmọ tó wá ìtàn tó jọ tirẹ̀ láìrí i lè mọ ẹni tí yóò bi.