Barack Obama ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà Ìpínlẹ̀ Illinois

Kí Barack Obama tó di ààrẹ Amẹ́ríkà, aṣòfin ìpínlẹ̀ ni. Láti oṣù kìíní ọdún 1997 títí di oṣù kọkànlá ọdún 2004 ló fi wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ìpínlẹ̀ Illinois, tí ó ń jókòó nílùú Springfield. Ẹkùn kẹtàlá ló ṣojú fún. Àdúgbò Hyde Park, ní ìhà gúúsù Chicago, wà lára ẹkùn yìí.

Alice Palmer ló wà lórí àga náà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1995, Palmer fẹ́ lọ sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Washington, ó sì fọwọ́ sí i pé kí Obama gba ipò òun. Nígbà tí Jesse Jackson Jr. fẹ̀yìn rẹ̀ janlẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ Democrat, Palmer ní òun fẹ́ padà sí àga òun. Obama kọ̀, kò yẹ̀ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ díje gbọ́dọ̀ gba ìbuwọ́lùwé àwọn olùdìbò ẹkùn náà, ó kéré tán 757. Àwọn èèyàn Obama tú ìwé Palmer àti ti àwọn mẹ́ta yòókù wò fínnífínní, wọ́n tako àwọn ìbuwọ́lùwé tí kò bófin mu, bí gbogbo wọn ṣe kúrò nínú ìdíje nìyẹn. Òfin ni wọ́n tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú Palmer: Hillary Clinton, tó bá Obama du ipò ààrẹ, ló tì lẹ́yìn lọ́dún 2008.

Ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ le, torí ẹgbẹ́ Republican ló pọ̀ jù nílé náà. Síbẹ̀, lọ́dún 1998, Obama wà lára àwọn tó gbé òfin tó dín ẹ̀bùn gbígbà kù fún àwọn olóṣèlú jáde. Lọ́dún 2000 ó dojú kọ Bobby Rush láti gba ipò aṣojú-ṣòfin tí Rush wà ní Washington. Wọ́n ti yìnbọn pa ọmọ Rush lọ́dún tó ṣáájú, àánú rẹ̀ sì ṣe àwọn aráàlú. Nígbà tí wọ́n wá ń dìbò lórí òfin ìbọn ní Springfield, Obama wà ní Hawaii pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Àbá náà ṣubú, àwọn èèyàn sì bínú sí i. Rush gba ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, Obama gba nǹkan bí 30.

Nígbà tí Democrat gba ilé náà ní oṣù kìíní ọdún 2003, tí Emil Jones di olórí rẹ̀, Obama di alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ìlera. Ọdún yẹn ló ṣe iṣẹ́ tó wúwo jù lọ. Ó kéré tán, ènìyàn 13 tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún ní Illinois ni wọ́n ti rí i pé wọn kò jẹ̀bi. Lára àwọn ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìjẹ́wọ́ tí ọlọ́pàá fi ipá gbà lẹ́nu èèyàn wà níbẹ̀. Àbá Obama ni pé kí wọ́n máa gba ohùn tàbí fídíò sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá ẹni tí wọ́n fura sí pé ó pànìyàn lẹ́nu wò, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò ìjọba kò fẹ́ ẹ rárá. Ó bá wọn jókòó léraléra, ó ń gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó ń tún àbá náà ṣe, títí tí wọ́n fi rọ̀. Illinois wá di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí ilé aṣòfin rẹ̀ sọ èyí di dandan. Òfin mìíràn tí ó gbé jáde ní kí ọlọ́pàá máa kọ ẹ̀yà awakọ̀ tí wọ́n bá dá dúró sílẹ̀, kó lè hàn bóyá àwọ̀ ara ni wọ́n fi ń mú èèyàn.

Aṣòfin Illinois tún lè dìbò "mo wà níbí" dípò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Obama ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 129, nínú nǹkan bí 4,000 ìbò, àwọn alátakò rẹ̀ sì fi bá a wí lọ́dún 2008.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, ó fẹ̀yìn Alan Keyes ti ẹgbẹ́ Republican janlẹ̀ pẹ̀lú ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, ó di sẹ́nétọ̀ ìjọba àpapọ̀, ó sì fi ilé ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Kwame Raoul, ọmọ àwọn ará Haiti tó kó wá sí Chicago, ni wọ́n yàn rọ́pò rẹ̀.