Ọkọ̀ onígbòkun lóru, láti Èkó dé Kútọnu

Omi odò Ògùn tó ń gba abẹ́ afárá Láfẹ́nwá kọjá l'Ábẹ́òkúta, inú ọ̀sà Èkó ló ń dà sí, ibẹ̀ ló sì ti ń bọ́ sínú òkun. Ẹni tó bá ń tukọ̀ lórí odò yìí mọ̀ pé bí nǹkan bá yíwọ́, bèbè odò ni kí èèyàn sá lọ. Lójú òkun, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, etíkun gan-an ni atukọ̀ onígbòkun ń sá fún.

Ìdí ni pé gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ wá, ìgbì náà á sì máa bá a bọ̀. Àwọn méjèèjì ló ń ti ọkọ̀ sápá ilẹ̀. Bí ìgbòkun bá ya tàbí ẹ́ńjìnnì kú ní máìlì kan sí etíkun, ìgbì lè ti gbé ọkọ̀ lu iyanrìn kí wọ́n tó rí sípánà mú. Ní máìlì mẹ́wàá, àyè àtúnṣe wà. Àwọn ọkọ̀ apẹja tí kò taná náà pọ̀ nítòsí ilẹ̀, okùn àwọ̀n wọn a sì máa wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì lábẹ́ omi.

Èkó sí Kútọnu tó nǹkan bí máìlì ojú omi 58 (ọ̀kan jẹ́ mítà 1,852). Ọkọ̀ tó gùn tó mítà 10 lè sá máìlì 5 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ìṣàn òkun níbí, apá ìlà-oòrùn ló ń lọ. Bó bá gba máìlì kan lọ́wọ́ wákàtí kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin ló kù, ìrìn wákàtí 12 á sì di 14 àti ààbọ̀. Kí wọ́n jáde ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ dára, àmọ́ omi ẹnu òkun Èkó ló ni àṣẹ. Nígbà tí omi ọ̀sà bá ń tú jáde, tó wá pàdé ìgbì tó ń wọlé láàárín ògiri òkúta méjèèjì, ìgbì á nàró, á sì máa fọ́. Lásìkò òjò, tí odò Ògùn bá kún, títú yìí a tún le sí i. Ìgbà tí omi bá kún tó sì dúró ni kí wọ́n kọjá, bí ìyẹn tilẹ̀ máa sún ìrìn síwájú.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á ti dín ìgbòkun kù, wọ́n á sì ti na okùn ààbò láti iwájú dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jáde síta lóru láì wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, kó sì fi ìkọ́ so ara rẹ̀ mọ́ okùn náà. Wíwá ẹni tó ré sómi lókùnkùn le púpọ̀. Iná pupa wà lápá òsì, àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, funfun lẹ́yìn. Nínú yàrá, iná pupa nìkan ni wọ́n ń tàn, nítorí ojú ń gbà tó ìdajì wákàtí kó tó mọ òkùnkùn lára.

Èèyàn méjì lè máa pín ìṣọ́ ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Ọkọ̀ ẹrù tó ń sá máìlì 20 ní wákàtí, tó ń bọ̀ wá pàdé ọkọ̀ tó ń sá 5, máìlì 25 ni wọ́n jọ ń jẹ. Bí iná rẹ̀ bá hàn ní máìlì 6, ìṣẹ́jú 14 péré ló kù. Nítorí náà ni olùṣọ́ fi ń wo àyíká yípo ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, títí kan ẹ̀yìn, ibi tí wọ́n ń gbàgbé jù. Bó bá rí iná, á gbé kọ́ńpáàsì ọwọ́ sójú, á ka ìwọ̀n ìhà tí iná náà wà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, á tún un kà. Bí ìwọ̀n náà kò bá yí padà, tí iná sì ń tóbi sí i, wọn yóò kọlu ara wọn nìyẹn: kó tètè yà, kó sì yà gidi kí ẹnìkejì lè rí i.

Ìjì ńlá ìgbà òjò, ìlà-oòrùn ló máa ń gbà wọlé. Tí mànàmáná bá ti ń kọ lápá ibẹ̀, kí wọ́n tún ká ìgbòkun kù kí afẹ́fẹ́ tó dé.

Kò yẹ kí wọ́n wọ Kútọnu lóru, torí iná ìlú máa ń bo iná èbúté mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó bá yá dé á dúró ní máìlì márùn-ún sí ilẹ̀ títí ojúmọ́ á fi mọ́. Àsíá aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n á kọ́kọ́ fà sókè láti fi tọrọ àṣẹ ìwọlé. Ìgbà tí àwọn aṣọ́bodè bá tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà tán, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á sì fa àsíá orílẹ̀-èdè Benin sókè.