Ṣé Òyìnbó Nìkan Ló Ń Wá Ọjà Tí Kì Í Ba Àyíká Jẹ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ pé àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nìkan ló ń ronú bóyá ọjà tí wọ́n ń rà ń ba àyíká jẹ́, àti pé ẹni tó ń wá ohun tí yóò jẹ kò ráyè irú ìrònú bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà. Lọ́dún 2015, Nielsen, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí nípa ọjà àti òǹrajà, fi ọ̀rọ̀ wá àwọn òǹrajà 30,000 lẹ́nu wò ní orílẹ̀-èdè 60. Ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní àwọn ṣe tán láti san owó lé owó ọjà tí iléeṣẹ́ tó ṣe é bá ń ṣe dáadáa sí àwùjọ àti àyíká, àwọn ará Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà sì ṣe tán ju àwọn ará Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà lọ.

Lóòótọ́, níbi gbogbo láyé, ohun tí ènìyàn ń fi ẹnu sọ lè yàtọ̀ sí ohun tí yóò náwó lé bó bá dé ọjà, nítorí náà n kò ní fi iye yẹn nìkan ṣe ẹ̀rí. Ọ̀nà tí ìfẹ́ náà ń gbà hàn ló yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn.

Àmì àti òfin ni àwọn ará Jámánì gbára lé. Láti ọdún 1978 ni àmì Blauer Engel, tó ń fi hàn pé ọjà kan sàn fún àyíká ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ti ń wà lára ọjà tó bá yege, òǹrajà sì fọkàn tán an nítorí pé kì í ṣe ẹni tó ń ta ọjà ló fi í da ara rẹ̀ lọ́lá. Ẹni tó bá ra omi inú ike níbẹ̀ ń san owó ìdógò sẹ́ǹtì 25, èyí tí yóò gbà padà bó bá dá ike náà padà.

Ní Japan, ọ̀rọ̀ kan wà, mottainai, tí wọ́n ń sọ bí ohun tó ṣì wúlò bá fẹ́ ṣòfò. Wangari Maathai, ọmọ Kenya tó gba Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà lọ́dún 2004, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Japan lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì ń sọ ọ́ káàkiri ayé, nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí i.

Kò ṣàjèjì sí àwa náà. Inú ewé eéran ni wọ́n ti ń pọ́n mọ́ínmọ́ín kí ọ̀rá tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹlẹ́rìndòdò inú ìgò lọ sílé sábà máa ń mú òfìfo ìgò lọ. Ìgò ọwọ́ ẹni la sì fi ń ra epo. Nítorí pé kò sí àmì kankan lára àwọn nǹkan wọ̀nyí, tí a kò sì san owó kún owó nítorí wọn, ìwádìí tó bá ń béèrè nípa àmì àti àfikún owó nìkan kò lè kà wọ́n. Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe náà ti wọlé: ìwà tí wọn kò wọ̀n ni wọ́n pè ní ìwà tí kò sí. Ó dùn mí pé àwa fúnra wa ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé òun fòfin de ike funfun tó fúyẹ́ (styrofoam) tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, oníbàárà tó ti ń gbé abọ́ tirẹ̀ lọ ra ìrẹsì kò ní àṣà tuntun láti kọ́.