Rọ́yálítì epo: ìdá mélòó, nínú kí ni?

Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ lé ìròyìn àwọn ìpínlẹ̀ tó ń wa epo ní Amẹ́ríkà, North Dakota, West Virginia, New Mexico àti irú wọn, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ rọ́yálítì, ìyẹn ìdá tí ẹni tó ni epo ń gbà lọ́wọ́ kọ́ńpánì tó wà á jáde, kì í tán nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Àwọn onílẹ̀ ń pariwo pé àwọn kọ́ńpánì ń fi ọgbọ́n gé owó àwọn, àwọn ọdẹ àtàwọn tó ń dáàbò bo ẹranko igbó náà tún ti tò sẹ́nu ọ̀nà pé nínú owó epo yìí náà làwọn ti fẹ́ rí tàwọn, aṣòfin wá wà láàárín, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ dá lóhùn. Mo fẹ́ ṣàlàyé kiní yìí torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa máa ń da rọ́yálítì àti owó orí pọ̀ bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá o, tẹ́ ẹ bá sì ti dà wọ́n pọ̀, ẹ ò ní mọ ẹni tó ń bá ta jà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ta ló ni epo. Ní Nàìjíríà, ìwé òfin 1999 ti parí ìyẹn: gbogbo epo àti gáàsì tó wà nínú ilẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, ì báà jẹ́ abẹ́ ilé bàbá ẹ ni wọ́n ti rí i. Àwọn ará wa ní Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Òǹdó, mọ èyí dáadáa. Agbègbè wọn ni epo ti ń jáde, àmọ́ àpò ìjọba àpapọ̀ lowó ẹ̀ ń kọ́kọ́ lọ kí wọ́n tó yọ pásẹ́ǹtì 13 padà fún àwọn ìpínlẹ̀ elépo, kò sí bàbá kan ní Ayétòrò tó ń gba ṣẹ́ẹ̀kì epo lórúkọ ara ẹ̀. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Níbẹ̀, ẹni tó ni ilẹ̀ lè ni ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì lè ta ojú ilẹ̀ kó di abẹ́ ẹ̀ mú. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí àgbẹ̀ kan ní McKenzie County ní North Dakota tí tírélà ń da eruku bo oko ẹ̀ tọ̀sán tòru, tí kò rí sẹ́ǹtì kan gbà, torí pé ẹni tó ta ilẹ̀ fún bàbá bàbá ẹ̀ ti yọ abẹ́ ilẹ̀ sọ́tọ̀ fáwọn ọmọ tiẹ̀, àwọn ọmọ ọ̀hún sì lè wà ní Florida níbi tí wọ́n ti ń gba ṣẹ́ẹ̀kì lóṣooṣù.

Kọ́ńpánì tó fẹ́ wa epo kì í sábà ra abẹ́ ilẹ̀ yẹn, ó máa ń gbà á lò ni. Wọ́n á tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tí wọ́n ń pè ní lísì, wọ́n á fún onílẹ̀, ìyẹn ẹni tó ni abẹ́ ilẹ̀, lówó ìtọwọ́bọ̀wé, tí epo bá wá jáde, onílẹ̀ á máa gba ìdá kan nínú ohun tó ń jáde níbẹ̀ títí kànga yẹn á fi gbẹ. Ìdá yẹn ni rọ́yálítì. Onílẹ̀ ò dá kọ́bọ̀ sí owó tí wọ́n fi gbẹ́ kànga, tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tí wọn ò rí nǹkan kan, kọ́ńpánì ló gbé òfo. Látijọ́, ìdá kan nínú mẹ́jọ, ìyẹn pásẹ́ǹtì 12.5, ló wọ́pọ̀, Pennsylvania tiẹ̀ ṣòfin lọ́dún 1979 pé lísì tí kò bá fún onílẹ̀ tó ìyẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lóde òní àwọn tó mọ̀ ọ́n dúnàádúrà máa ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá mọ ìṣákọ́lẹ̀ á tètè lóye ẹ̀. Kòkó jáde lóko, ẹni tó dáko san ti onílẹ̀ fún un, kò síjà. Àmọ́ ká ní ó wá sọ pé, bàbá, kí n tó yọ tiyín, màá kọ́kọ́ yọ owó àpò, owó àwọn tó bá mi sá kòkó, owó ọkọ̀ tó gbé e dé Ìbàdàn, owó ilé ìkẹ́rùsí, àti pé àbúrò mi ló ni ọkọ̀ yẹn o, iye tó bá pè náà ni mo san. Ẹ mọ ohun tí bàbá máa sọ. Ìjà tí wọ́n ń jà lórí rọ́yálítì gan-an nìyẹn, lórí gáàsì ló sì ti gbóná jù.

Epo rọ̀bì ò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà, ó bọ́ sínú tánkì, ọkọ̀ tàbí páìpù gbé e, ó ti dowó. Gáàsì ò rí bẹ́ẹ̀. Gáàsì tó ń jáde pẹ̀lú epo ní Bakken, ìyẹn àpáta abẹ́ ilẹ̀ tó sọ North Dakota di ìlú epo, kì í jáde ní mímọ́, àwọn gáàsì mìíràn bíi propane, butane àti ethane ti dà pọ̀ mọ́ ọn, omi náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní láti fi páìpù kéékèèké kó o jọ láti kànga sí kànga, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tì í kó lè lágbára rìn, kí wọ́n gbé e dé ilé iṣẹ́ tó máa yọ àwọn propane yẹn sọ́tọ̀, kó tó wọ páìpù ńlá lọ sọ́jà. Gbogbo ìgbésẹ̀ yìí ló lówó tiẹ̀. Lísì àtijọ́ wá kọ ọ́ pé onílẹ̀ á gba ìdá tiẹ̀ nínú iye tí gáàsì tó lẹ́nu kànga. Lẹ́nu kànga! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò wọ́pọ̀ kéèyàn ra gáàsì lẹ́nu kànga. Kí ni kọ́ńpánì ṣe? Ó lọ wo iye tó tà á níwájú lọ́hùn-ún, ó wá ń yọ owó gbogbo ìrìnàjò yẹn padà sẹ́yìn títí tó fi dé ẹnu kànga, èyí tó ṣẹ́ kù ló fi pín.

Ká sọ pé gáàsì náà tà ní 100 dọ́là. Tẹ́ni kan bá ní rọ́yálítì ìdá kan nínú mẹ́jọ, ọkàn ẹ̀ á ti sọ fún un pé 12 dọ́là àti 50 sẹ́ǹtì ni tòun. Kọ́ńpánì yọ 40 dọ́là fún kíkójọ, títì àti sísẹ́, ó ku 60, ìdá kan nínú mẹ́jọ 60 jẹ́ 7 dọ́là àti 50 sẹ́ǹtì. Ẹ wò ó, pásẹ́ǹtì ò yí padà rárá, 12.5 tó wà nínú ìwé náà ló ṣì wà, ohun tí wọ́n ń pín ló kéré sí i. Tí gáàsì bá wá pọ̀ lọ́jà tó já wálẹ̀, tó jẹ́ pé 45 dọ́là ló tà tí owó ìrìnàjò ẹ̀ ò sì yẹ̀ kúrò lórí 40, ìdá ẹ̀ ò pé dọ́là kan mọ́. Àwọn onílẹ̀ kan tiẹ̀ ń ké pé oṣù mìíràn wà tí ti gáàsì bọ́ sísàlẹ̀ òdo, tí wọ́n á wá lọ yọ gbèsè ẹ̀ nínú owó epo rọ̀bì wọn. Ìwé kékeré tó máa ń tẹ̀ lé ṣẹ́ẹ̀kì ò wá ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, lẹ́tà kúkúrú àti nọ́ńbà ló kún ibẹ̀, ẹni tí kì í bá ṣe akáǹtáǹtì á kàn máa wò ó ni.

Kọ́ọ̀tù ò fẹnu kò lórí ẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tiẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní North Dakota sọ lọ́dún 2009 pé tí lísì bá ti sọ pé iye tó tó lẹ́nu kànga, kọ́ńpánì lè yọ owó wọ̀nyẹn. Ti Pennsylvania náà sọ lọ́dún 2010 pé òfin 1979 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan kò ní kí wọ́n má yọ ọ́, tó túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú mẹ́jọ tí òfin fọwọ́ sọ̀yà fún onílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tó ṣẹ́ kù ni. Ti Colorado yàtọ̀, wọ́n ní ojúṣe kọ́ńpánì ni kó gbé gáàsì débi tó ti ṣe é tà, kó má ka owó ìyẹn sí onílẹ̀ lọ́rùn. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti 2019: ilé ẹjọ́ North Dakota kan náà sọ pé lísì tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi yá ilẹ̀ tiẹ̀ jáde, tí owó ẹ̀ ń lọ sáwọn ilé ìwé, kò gbọ́dọ̀ sí yíyọ nínú ẹ̀. Torí pé ọ̀rọ̀ inú ìwé yàtọ̀ ni. Ẹ rí i pé gáàsì kan náà, nínú páìpù kan náà, ìjọba á gba odindi, àgbẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á gba ajẹkù. Ìjọba wá ń padà béèrè owó àtẹ̀yìnwá lọ́wọ́ àwọn kọ́ńpánì, àwọn kọ́ńpánì sáré lọ bá àwọn aṣòfin, nígbà tó di 2021 wọ́n ṣòfin tó dín iye ọdún tí ìjọba lè padà sẹ́yìn kù, wọ́n sì dín èlé orí ẹ̀.

Kí wá ló dé táwọn aṣòfin ò kàn fi òfin kan fòpin sí yíyọ owó? West Virginia gbìyànjú ẹ̀. Lọ́dún 2017 ilé ẹjọ́ wọn fún kọ́ńpánì láàyè láti máa yọ ọ́ lórí irú àwọn lísì àtijọ́ kan, lọ́dún 2018 àwọn aṣòfin tún òfin kọ pé kò sí yíyọ mọ́ lórí àwọn lísì yẹn. Àmọ́ kò rọrùn níbi gbogbo, torí ìwé òfin Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ sọ pé ìpínlẹ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ ṣòfin tó máa ba àdéhùn jẹ́, lísì sì rèé, àdéhùn ni, àwọn mìíràn ti wà nílẹ̀ látìgbà tí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni nínú wọn ti wà láàyè. Ẹ jẹ́ ká sì ṣòdodo, ẹjọ́ àwọn kọ́ńpánì kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀lẹ, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ló jẹ́ kí gáàsì tówó, tí wọn ò bá ṣe é iná ni wọ́n máa fi sun ún níbẹ̀, onílẹ̀ á sì pàdánù. Ibi tí èmi ò ti gbà fún wọn ni ti ọkọ̀ àbúrò yẹn: ìgbà mìíràn, kọ́ńpánì tó ń wa epo àti kọ́ńpánì tó ni páìpù, ẹbí kan náà ni wọ́n, ta ló máa wá mọ̀ bóyá iye tí wọ́n pè jẹ́ òótọ́ iye? Ó kéré tán kí aṣòfin fipá mú wọn kọ ìwé ṣẹ́ẹ̀kì lọ́nà tí èèyàn á fi lóye ẹ̀.

Ó wá ku ti ẹranko. Látilẹ̀, àwọn ọdẹ ló ń sanwó ìtọ́jú ẹranko igbó ní Amẹ́ríkà. Owó ìwé àṣẹ ọdẹ wà, òfin ìjọba àpapọ̀ kan tún wà láti 1937 tí wọ́n ń pè ní Pittman-Robertson, tó ń gba pásẹ́ǹtì 11 lórí ìbọn gígùn àti ọta, wọ́n á pín in fáwọn ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ tó bá mú dọ́là kan wá lè rí mẹ́ta gbà sí i. Ó dáa fún àgbọ̀nrín àti pẹ́pẹ́yẹ igbó tí wọ́n ń dọdẹ. Ẹyẹ kékeré tí ẹnikẹ́ni ò ní yìnbọn fún ńkọ́? Àwọn aṣòfin àpapọ̀ gbé àbá kan dìde pé kí wọ́n máa fún àwọn ìpínlẹ̀ ní owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dọọdún fún irú ìwọ̀nyẹn, ilé aṣojúṣòfin fọwọ́ sí i lóṣù kẹfà 2022, ilé aṣòfin àgbà ò dìbò lé e lórí, ó kú síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú gbogbo èèyàn fi yí sí epo.

Ibí yìí lẹ ti ní láti ya rọ́yálítì sọ́tọ̀ kúrò lára owó orí. Rọ́yálítì ni ẹni tó ni epo ń gbà torí pé tiẹ̀ ni. Owó orí ni ìjọba ń gbà lórí gbogbo epo tó bá jáde, ẹnì yòówù kó ni ín. Ní North Dakota, inú owó orí ni owó epo tó ń lọ fún ẹranko ti ń wá. Lọ́dún 2013 wọ́n dá àpò kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Outdoor Heritage Fund, díẹ̀ lára owó orí epo ló ń wọ inú ẹ̀, wọ́n ń fi gbin koríko, wọ́n ń fi tún omi ṣe, wọ́n ń fi rọ àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n jẹ́ káwọn ọdẹ wọ ilẹ̀ wọn. Koríko yẹn kì í ṣe kékeré o, ìpínlẹ̀ yẹn kún fún àwọn adágún kéékèèké tí yìnyín ayé àtijọ́ gbẹ́ sílẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ igbó tó ń pamọ níbẹ̀ pọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì yé ẹyin sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi katakata tú.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe so àpò náà lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Òfin tó dá a sílẹ̀ sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi kọ́bọ̀ nínú ẹ̀ pẹjọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ fi ṣe ohunkóhun tó máa dí iṣẹ́ epo lọ́wọ́, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi ra ilẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan ń gbani nímọ̀ràn, àmọ́ gọ́mìnà, agbẹjọ́rò àgbà àti kọmíṣánnà ètò ọ̀gbìn ló ń fọwọ́ sí i níkẹyìn, àwọn mẹ́ta yìí kan náà ló ń ṣàkóso iṣẹ́ epo. Àwọn olùdáàbòbo ẹranko ò gbà, lọ́dún 2014 wọ́n gbé e lọ fún àwọn olùdìbò pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin pé pásẹ́ǹtì 5 owó orí kan lórí epo á máa lọ fún omi, ẹranko àti páàkì. Àwọn oníṣòwò àtàwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tako ó, nǹkan bíi mẹ́rin nínú olùdìbò márùn-ún ló sọ pé rárá. Láàárín ọdún méjì, owó àgbá epo rọ̀bì kan tó ti lé ní 100 dọ́là já wálẹ̀ sísàlẹ̀ 30, nígbà tó sì di 2017 tí àpò ìjọba ń gbẹ, àwọn aṣòfin dín iye tó lè wọ àpò ẹranko kù.

New Mexico gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́dún 2023, nígbà tí owó epo kún àpò wọn, wọ́n yọ 100 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún ilẹ̀, omi àti ẹranko, wọ́n sì fi ìdajì ẹ̀ pamọ́ kó máa pa èlé. Lọ́dún 2025 wọ́n gbé rọ́yálítì tó ga jù lórí ilẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ láti pásẹ́ǹtì 20 sí 25, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣòfin tó yí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ọdẹ àti ẹja padà sí ti ẹranko igbó lápapọ̀. Ẹ má wá rò pé 25 yẹn ló ń bọ́ ẹranko o. Lísì tuntun ló kàn, ti àtijọ́ ò yí padà, ilé ìwé sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó ilẹ̀ yẹn ń lọ. Owó tí ilé iṣẹ́ ẹranko máa fi ṣiṣẹ́, ìwé àṣẹ ọdẹ àti ti apẹja tí òfin kejì yẹn fi owó lé ni wọ́n ti fẹ́ rí i.